Nọ́ńbà Àṣírí Fọláránmi

Fọláránmi ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìlódè. Ètò kan tó kọ ló fi ń yangàn: bó bá ti tan kọ̀ǹpútà, ètò náà á wo aago inú rẹ̀, á fi ṣa nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń ti ìwé oníbàárà pa.

"Áńgẹ́lì gan-an ò lè mọ̀ ọ́n!"

Àwa oníbàárà rẹ̀ náà gbà, òpè ṣáà ni wá.

Lọ́jọ́ kan ní 1996, Hàjàrá ará Sábó ṣèèṣì fi nọ́ńbà tirẹ̀ ṣí ìwé ẹlòmíràn.

Orí Fọláránmi dàrú. Ta ló jí nọ́ńbà wò? Ó pààrọ̀ àgádágodo ilẹ̀kùn. NEPA mú iná lọ, wọ́n dá a padà, nọ́ńbà kan náà tún jáde.

Ó wá wo aago kọ̀ǹpútà. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Bí iná bá ti lọ, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 ló máa ń padà sí. Gbogbo ìgbà tí iná bá dé ni kọ̀ǹpútà ń di ọmọ tuntun, igbe kan náà ló sì ń ké.