Mọ́tò Tí Kì Í Gba Bàtà

Ọdún 1991 ni ìròyìn náà bẹ́ sílẹ̀ pé mọ́tò kan ní Ìbà Housing Estate ti di ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ìyànà-Ìbà ní mọ́tò náà kì í gbéra tí bàtà bá wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń wà á. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Òkókómáíkò, mọ́tò ti ń gbààwẹ̀ lọ́jọọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi máa dé Ọ̀jọ́, mọ́tò ti ríran sí olórí àwọn awakọ̀ kan, ìran náà sì ti ṣẹ.

Irọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí géètì Estate láàárọ̀ á rí Dókítà Ẹkúndayọ̀, ọmọ Èkìtì tó ń kọ́ni nímọ̀ ìtàn ní yunifásítì, nínú Krẹ́sídà aláwọ̀ eérú rẹ̀. Kóòtù wà lára rẹ̀, táì wà lọ́rùn rẹ̀, ìwé kún ẹ̀yìn mọ́tò. Bàtà rẹ̀ méjèèjì á jókòó sí ìjókòó iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ẹsẹ̀ lásán ni Dókítà fi ń wa mọ́tò.

Ẹni tó fa gbogbo rẹ̀ ni olóògbé Joseph Ọlátúndé, mẹkáníìkì tó ń tún gíà ṣe lábẹ́ igi fúrúùtù kan nítòsí Ìyànà-Ìbà. Bàbá Kébù la máa ń pè é. Ọmọ Wáàsimi ni, aládùúrà pọ́ńbélé ni, ó ga, ó gbẹ. Ohùn rẹ̀ sì le débi pé tó bá sín ní Ìyànà-Ìbà, àwọn tó wà ní Òkókómáíkò á ní, "Pẹ̀lẹ́ o."

Bàbá Kébù kì í jẹ́ kí oníbàárà ṣàlàyé àìsàn mọ́tò fún òun. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ pé, "Ọ̀gá, mọ́tò yìí kàn ń ṣe bákan ṣá," á gbọ́wọ́ sókè.

"Má sọ ọ́. Ké e."

"Kí n ké kí ni, sà?"

"Igbe tí mọ́tò ń ké. Ṣé èmi ni mo jókòó sínú rẹ̀ ni?"

Bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń dúró lábẹ́ igi fúrúùtù pẹ̀lú táì lọ́rùn, tí wọ́n ń ké "wúúúrù, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́" bí ẹni tí ìrọbí mú. Ìyá Rachael, ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Oǹdó, ló ké e dáa jù. Ó dijú, ó fọwọ́ méjèèjì di ìbàdí, ó bú ramúramù. Bàbá Kébù ò tiẹ̀ wo mọ́tò rárá. Ó ní, "Sàlẹ́ńsà ni." Ọkọ Ìyá Rachael, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ò bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn nílé mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní ti Dókítà, kò rí igbe kankan ké. Mọ́tò rẹ̀ ti dákẹ́ nígbà tí wọ́n fi okùn fà á dé. Gíà ọtomátíìkì rẹ̀ ti jó, ìkejì tó sì máa jó nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀, Yéjídé, tẹ̀ lé e wá.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá wa ṣe é dáadáa," ó ní. "Tí ẹ̀kẹta bá tún jó pẹ́nrẹ́n, àwọn onírin ni màá tà á fún. Dókítà á máa wọ mọ́lùẹ̀ lọ síbi iṣẹ́."

Dókítà wo ilẹ̀. Ó hàn pé wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà nílé.

Irú gíà tó bá mọ́tò náà mu ti wọ́n bí ojú. Èyí tí Bàbá Kébù rí, inú mọ́tò mìíràn tó dàgbà jù ú lọ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ó ní kò séwu, òun á mú un wọlé. Yésúfù, mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì, tí òun àti Bàbá Kébù ti ń figagbága láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń kọ́ṣẹ́ lára alùpùpù, sọdá wá wò ó. Ó yí gíà náà po, ó mi orí.

"Ọ̀gá Joseph, orí ewúrẹ́ lẹ fẹ́ gbé sọ́rùn àgùntàn yìí."

"Tí orí bá sáà ti ń jẹko, kí ló kàn ọ́?"

"Á jó."

"Kò ní jó."

"Tó bá jó ńkọ́?"

Bàbá Kébù wo igi fúrúùtù rẹ̀, ó wo pátákó tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ìgbéraga gùn ún bí ẹṣin.

"Tí gíà yìí bá jó, Yésúfù, màá yọ pátákó mi, màá padà sí Wáàsimi lọ gbin ẹ̀gẹ́. Kí ìwọ wá gba abẹ́ igi yìí."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi bá Yésúfù tó ń fi okùn wọn abẹ́ igi náà. Ó ní òun ń wá sípánà kan ni.

Gíà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Kébù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, okùn irin tí kò tó ìka ọmọ jòjòló, ló fẹ́ sọ Bàbá Kébù di àgbẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ rèé: "Afọ́jú ni gíà ọtomátíìkì. Kò rí ọ̀nà, kò rí awakọ̀. Kébù yìí lọmọ tó ń fi ọ̀pá fà á." Láti ìdí ẹ́ńjìnnì ni kébù náà ti wọ inú gíà lọ. Òun ló ń sọ fún gíà bí awakọ̀ ṣe tẹná tó. Tí kébù bá dẹ̀ jù, gíà á rò pé awakọ̀ ń ṣeré ni, á ṣọ̀lẹ, á máa yọ̀, á sì jó. Tó bá le jù, gíà á rò pé olè ló ń lé awakọ̀ bọ̀, kò ní fẹ́ pààrọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké tantan.

Láti ṣe é kó bá ara mu, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sínú mọ́tò kó tẹ pẹ́dà iná délẹ̀. Mẹkáníìkì á wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fa kébù títí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó wà lára rẹ̀ á fi kan ẹnu ihò rẹ̀, á sì dè é pa. Dókítà ló jókòó.

"Ṣé ó ti délẹ̀?" Bàbá Kébù bèèrè.

"Ó ti délẹ̀, Bàbá."

"Délẹ̀délẹ̀?"

"Bàbá, kò sílẹ̀ mìíràn lẹ́yìn eléyìí."

Bàbá Kébù dè é. Dókítà wà á jáde. Mọ́tò kọ̀, kò pààrọ̀ gíà. Gíà àkọ́kọ́ ló fi rìn láti Ìyànà-Ìbà dé Estate, ó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sá jáde ní kíláàsì, wọ́n rò pé bàálù ló ń já bọ̀. Àwọn adìyẹ Ìbà ò yé ẹyin títí oṣù náà fi parí.

Wọ́n gbé e padà. Bàbá Kébù dẹ kébù díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ́ńjìnnì ń lọ, mọ́tò ò lọ, òórùn nǹkan tó ń jó sì fẹ́ lu imú. Kíá ni wọ́n pa á. Yésúfù na ọrùn láti òdìkejì títì.

"Ọ̀gá Joseph! Mò ń gbóòórùn nǹkan o. Àbí ẹ̀gẹ́ yín ló ń jó?"

Bàbá Kébù sọ sípánà sílẹ̀. Ó jókòó sórí táyà, ó ń wo pátákó rẹ̀. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀, Àyìnkẹ́, bi í pé ṣé ara ò yá ni. Ó ní, "Báwo ni ẹ̀gẹ́ ṣe ń ta ní Wáàsimi báyìí?" Ìgbà yẹn ni ìyá náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Yéjídé bá Dókítà wá, ó fẹ́ mú agbòjò rẹ̀ nínú mọ́tò. Ó gba ilẹ̀kùn awakọ̀ wọlé, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ rì sínú rọ́ọ̀gì tó wà nísàlẹ̀, kò fẹ́ yọ mọ́. Ó dúró, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ilẹ̀ wo lẹ ní kí Dókítà tẹ̀ lánàá?"

"Ilẹ̀ mọ́tò ni."

"Pẹ́dà ò débẹ̀ o. Orí rọ́ọ̀gì ló dúró sí."

Bàbá Kébù fò dìde. Ó ká rọ́ọ̀gì pupa kan, ó bá òmíràn lábẹ́ rẹ̀. Ó ká ìyẹn náà, ó bá ìwé ìròyìn láti ìgbà tí ológun ò tíì gbàjọba, àti ìlàjì búrẹ́dì tó ti di òkúta. Ó wá wo bàtà Dókítà, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bí ìrọ̀rí. Ó gbá orí ara rẹ̀.

"Èmi Joseph! Mò ń bèèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Dókítà, ẹ bọ́ bàtà."

"Bàbá, èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ yín o. Áńgílíkà ni mí."

"Gíà ò bèèrè ìjọ lọ́wọ́ yín. Ẹ bọ́ ọ."

Dókítà bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó tẹ pẹ́dà. Irin kan irin: kọ̀!

"Ẹ gbọ́? Ilẹ̀ nìyẹn." Bàbá Kébù rọra yí nọ́ọ̀tì, ó dẹ kébù, ó fà á, ìlẹ̀kẹ̀ kan ẹnu ihò rẹ̀ fẹ́ẹ́. Nígbà tí wọ́n wa mọ́tò jáde, gíà ń wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wọ yàrá ọmọ tó sùn. Kí wọ́n tó dé géètì Estate, Yéjídé ti ń hanrun.

Wọ́n padà wá dúpẹ́. Dókítà nawọ́ sí bàtà rẹ̀, Bàbá Kébù kígbe mọ́ ọn.

"Ẹ má dán an wò! Láti òní lọ, bàtà ò gbọdọ̀ kan pẹ́dà yìí mọ́. Ọjọ́ tí bàtà bá kàn án, gíà á jó!"

Ohùn tí wọ́n fi ń jíṣẹ́ ìran ní ìjọ wọn ló fi sọ ọ́. Obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì nítòsí gbọ́, ó sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti gbọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀.

Gíà náà ò jó lọ́dún yẹn. Kò jó lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní gbogbo ìgbà tí Krẹ́sídà bá ń kọjá, Yésúfù á na imú sókè, á gbọ́ òórùn, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ta okùn tó fi wọnlẹ̀, ó ń sá aṣọ sórí rẹ̀.

Lọ́dún 1998 ni Bàbá Kébù sùn, tí kò jí mọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo ìjọ wà nínú aṣọ funfun wọn, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Dókítà nìkan ló wọ kóòtù dúdú, bàtà rẹ̀ ń dán. Àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí mọ́tò tẹ̀ lé òkú, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn Krẹ́sídà, ó tẹ̀ba, ó bọ́ bàtà. Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀ láàárín ẹkún. Àwọn akọrin pàápàá ò lè kọrin mọ́.

"Dókítà!" Yésúfù pariwo. "Bàbá ti lọ o. Ẹ lè wọ̀ ọ́ báyìí!"

"Bàbá ló lọ," Dókítà dáhùn. "Gíà ṣì wà."

Yésúfù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà ò sì dá mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà tirẹ̀ náà, ó fi há abíyá, ó sì ń rìn tẹ̀ lé pósí. Ó ní bàtà náà ló ń fún òun lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó jà á níyàn.

Yéjídé wà nínú mọ́tò, ó kọjú sí fèrèsé, ó ń gé ètè jẹ. Òun nìkan ló mọ ohun tí gbogbo wa ò mọ̀. Ó ti lọ kí Bàbá Kébù lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀ kí bàbá náà tó kú, ó sì ti bi í léèrè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni bàtà ń fi gíà yẹn ṣe gan-an?"

"Kò fi í ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ tá a ṣe kébù yẹn nìkan la nílò ẹsẹ̀ lásán. Bẹ́ ẹ ṣe kó rọ́ọ̀gì kúrò, ó parí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ní kò gbọdọ̀ wọ bàtà láéláé?"

"Gíà méjì lọkọ yín ti jó kí n tó mọ̀ ọ́n. Ó ń tẹná bí ẹni tó ń pa àkekèé." Bàbá Kébù mi orí. "Ẹni tó bọ́ bàtà kì í tẹ àkekèé pa."

Yéjídé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́ àgbà náà mú. Bàbá Kébù dijú bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lọ́nà jíjìn.

"Ṣé ó ṣì ń wọlé jẹ́ẹ́jẹ́?"

"Jẹ́ẹ́jẹ́ ni, sà."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn níta pé irọ́ ni wọ́n ń pa o. Mọ́tò yẹn kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Kò wá sí ìsọjí rí." Ó gbé ìka kan sókè. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún Dókítà. Tó bá gbọ́, ó máa wọ bàtà."