Ọmọ Tó Ń Yí Òpó Ká

Òórùn tàdáwà, yíǹkì kéwú, kò tíì kúrò nímú mi. Bí àwọn ọmọ kéwú bá ń fọ wàláà wọn, pátákó tí wọ́n fi ń kọ kéwú, láàárọ̀, tí omi dúdú ń ṣàn gba ẹsẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa n'Ìwó, ó máa ń rùn bí igi tútù tí iná ń jó. Ilé kéwú bàbá mi ni mò ń sọ. Mo ti ṣe wòlímọ̀ nígbà náà, èmi ni mo sì ń kọ́ àwọn kéékèèké. Wọn a jókòó sórí ẹní, wọn a máa mì síwá sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń ké e. Bàbá mi a máa sọ pé ara tó bá le gbagidi, kéwú kì í wọ inú rẹ̀.

Ìyá àgbà kan mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti Kuta, ó fi í sílẹ̀ kó máa kọ́ kéwú lọ́dọ̀ wa. Ọmọ náà kò ju ọdún méje lọ. Bí o kí i, kò ní dáhùn. Bí o pè é, kò ní wò ọ́. Ṣùgbọ́n òpó kan wà láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ yìí á fi ọwọ́ kan gbá a mú, á máa yí i ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ró pì, pì, pì lórí sìmẹ́ńtì. Bó bá ṣe é díẹ̀, ohùn rẹ̀ á jáde. Gbogbo súrà tí a kà láàárọ̀, ọmọ tí kì í pe orúkọ ara rẹ̀ á kà á láìṣì í kà. Orí mi á sì wú.

Wọ́n ní àlùjànnú ni. Bàbá mi fọ hàǹtú, omi kéwú tí a fọ̀ kúrò lára wàláà, fún un. Ó mu ún tán, ó padà sídìí òpó. Inú bí bàbá mi.

"Ilé kéwú kì í ṣe pápá ìṣeré," ni wọ́n wí fún mi. "Gbé e lé ẹsẹ̀, kí o dì í mú títí ara rẹ̀ á fi rọlẹ̀."

Mo dì í mú. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí bàbá mi yìn mí. Mo ká apá mọ́ ọn láyà, mo fi itan há ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ké, ó gé mi lọ́wọ́ jẹ, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì lábẹ́ ọwọ́ mi. Báyìí ni mo ń ṣe lójoojúmọ́; lọ́jọ́ kẹrin, ó jókòó jẹ́ẹ́. Gbogbo wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọjọ́ náà ni ohùn rẹ̀ lọ. A retí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi fúnra mi mú un lọ sídìí òpó, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e. Ó fà á padà. Nígbà tí ìyá àgbà dé, wọ́n wò ó títí.

"Ó ti jókòó lóòótọ́, ẹ ṣé o," ni wọ́n wí. "Àmọ́ ibo lẹ gbé ọmọ mi sí?"

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, pé bí wọ́n bá ń yí tàbí tí wọ́n ń mì ni ọkàn wọn fi ń balẹ̀. Ojú tì mí. Ta ni ń ké kéwú láì mira? Bàbá mi ń mì, gbogbo ọmọ ń mì, èmi tí mo dì í mú gan-an, orí mi ń mì. Òun nìkan la ní kó má mì.

Lọ́dún tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Kuta. Ìyá àgbà ti kú. Ọmọ náà ti di obìnrin. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Kò wò mí. Mo dìde, àgbàlagbà bí èmi, mo di òpó ilé wọn mú, mo ń yí i ká, mo ń ka súrà. Ojú rẹ̀ tẹ̀lé ẹsẹ̀ mi. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

Ní ilé kéwú wa lónìí, ọmọ tó bá fẹ́ yí òpó, kó yí i. Àwọn òbí ń yìn mí fún un. Wọn kò mọ̀ pé ọkàn kan ṣì ń lù lábẹ́ ọwọ́ mi, àti pé ní Kuta, kò sẹ́ni tó di obìnrin náà mú mọ́, síbẹ̀ ó jókòó.