Ṣòkòtò Péńpé Àǹtí Mi

Òórùn sítáàṣì láti ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ iwájú ilé wa ní Ìsọlọ̀ ló mú mi rántí. Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì kékeré tó wà lábúlé wa. Ó wà nínú ẹgbẹ́ eléré ìje wọn, ṣòkòtò péńpé funfun ni wọ́n sì fi ń sáré. Abẹ́ ẹní ló ń tọ́jú tirẹ̀ sí. Èmi rò pé kí eku má baà jẹ ẹ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí ìdíje wọn ku ọ̀la, mo rí i pé erùpẹ̀ pupa ti bà á jẹ́. Mo fọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì, mo sá a síwájú ilé. Ó gan bíi pákó. Inú mi ń dùn.

Bàbá wa ti mọ́ṣáláṣí dé. "Ta ló ni èyí?"

"Àǹtí mi ni! Òun ni wọ́n fi ń sáré."

"Níta gbangba?"

"Gbogbo abúlé ló máa ń wò wọ́n, Bàbá!"

Ó ká a sábẹ́ apá. Mo rò pé ó fẹ́ lọ fi yangàn ni.

Látọjọ́ náà, kò sí ọmọbìnrin ilé wa kankan tó tún wọ ilé-ìwé, títí kan èmi.

Lọ́jọ́ kejì, aago ilé-ìwé dún, Àǹtí ṣì ń bó ẹ̀gẹ́.

"Àǹtí, ẹ ti pẹ́ o! Wọ́n á sá eré náà tán."

"Jẹ́ kí wọ́n sá a," ó ní, ó sì mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.