Aṣọ Tábìlì Láti Ìkọjá Odò

Nígbà tí àlùfáà ka àsọtẹ́lẹ̀ wòlíì ìgbàanì nì, pé àwọn orílẹ̀-èdè tó jìnnà réré yóò gbé ẹ̀bùn wá sin Ọlọ́run, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Aránṣọ tó jókòó lẹ́yìn nìkan ló gbà pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí. Odò mẹ́ta ló là kọjá kó tó dé ìlú náà ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ohun mẹ́rin ló bá a dé: ẹ̀rọ ìránṣọ, sísọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́, àti ìró aláró tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Ó tọ akọ̀wé ìjọ lọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rán aṣọ tuntun sí tábìlì pẹpẹ fún Àìkú ọrẹ."

"Ìwọ kẹ̀? Bí kò bá balẹ̀ yíká, inú àpótí ni yóò lọ o."

"Yóò balẹ̀, sà."

Kò sí aránṣọ tí kò mọ̀ pé a máa ń rẹ aṣọ òwú sómi kó lè súnkì kí a tó gé e. Òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí a ó fún Ọlọ́run kò gbọdọ̀ ti inú omi jáde bí àlòkù. Ó gé e ní gbígbẹ, ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rán an. Ní òwúrọ̀ Sátidé tó ṣáájú ọrẹ, òróró ẹ̀rọ kán sí i tó! Àfi kó fọ̀ ọ́. Nígbà tó gbẹ, ó wọ̀n ọ́n: aṣọ ti fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kúrú yíká.

Ìyàwó aṣebàtà, aládùúgbò rẹ̀, yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyá Abẹ́rẹ́! Ìwọ tó o máa ń bá gbogbo wa jà pé ká rẹ aṣọ ká tó kó o wá! Lọ bẹ akọ̀wé, kó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ṣé ẹni tó la odò mẹ́ta kọjá ni etí aṣọ máa dá padà?"

Ó fa ìró aláró yọ, ó gbé sísọ́ọ̀sì.

"Èèwọ̀! Ìró ìyá ẹ?"

"Òun ló ti súnkì tán. Kò ní já mi kulẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé kúnlẹ̀ yí tábìlì ká, ó ń fi ìka tẹ̀lé etí aláró tí aránṣọ rán mọ́ aṣọ náà yíká.

"Mi ò rí irú èyí níbí rí."

"Ẹ ò lè rí i, Bàbá. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn."

Aṣọ balẹ̀ ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Akọ̀wé dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé Bíbélì lé e.