Bàtà Gbogbo Èkó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọmọ Ajá

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí ènìyàn bá sín, kí ó tó rí nǹkan fi nu imú, ẹni mẹ́ta á ti dárúkọ oògùn tí yóò lò, ẹni kẹrin á sì ti gbé e dé nínú ife. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Sámúẹ́lì aránbàtà, ọmọ Ìbòkun nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti fi gbé láàárín àwọn èèyàn wọ̀nyí. Oògùn kan ṣoṣo ló ń wá tí kò rí: èyí tí wọn ì bá lò kí wọ́n lè gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Nígbà tó sú u, ó ra abo ajá kan, ó sọ ọ́ ní Kòkànyín, ó sì ń pe orúkọ náà láàárín ọgbà láàárọ̀, lọ́sàn-án, pàápàá bí ẹnìkan bá ń bi í ní ìbéèrè.

Ìyàwó rẹ̀ ti di olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣí lọ sí Ìbàdàn. Bí ó bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, Kòkànyín ló ń dá a lóhùn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé Àlhájà Àdìjátù, onílé rẹ̀, ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo agbo ilé ń gbà wọlé, tí wọ́n ń gbà jáde. Àwọn akọ̀wé báńkì ń kó bàtà aláwọ wá láti Marina, àwọn oníṣòwò ọjà Sandgrouse ń mú sálúbàtà tí omi ẹja ti sọ di ẹja wá. Kò sí ẹrẹ̀ kan ní gbogbo Èkó tí kò ní aṣojú lábẹ́ bẹ́ńṣì Sámúẹ́lì. Abẹ́ bẹ́ńṣì yìí náà ni Kòkànyín bí ọmọ mẹ́rin sí.

Ọmọ kì í dé sílé kí ilé má kí ìyá rẹ̀. Gbogbo ayálégbé tú jáde wá kí Kòkànyín kú ewu, wọ́n ń gbé àwọn ọmọ náà láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń kó ọmọ jáde. Àmúdàtù ẹlẹ́ja, tí yàrá rẹ̀ kángun sí ti Sámúẹ́lì, gbé wọn ju ẹnikẹ́ni lọ. Á ti ọjà dé, kò ní ṣan ọwọ́, kò ní bọ́ bàtà, ó di abẹ́ bẹ́ńṣì. Àlhájà nìkan ni kò sún mọ́ wọn. Ní tirẹ̀, ohun tí ẹnu ajá bá kàn, ìgbà méje la ó fọ̀ ọ́, yanrìn la ó sì fi fọ ọ̀kan nínú méjèèje. Àmúdàtù ní ọmọ ajá kò tíì di ajá.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀jẹ̀ ló ń yà, òórùn rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn eṣinṣin fi kó ẹrù wọn padà sí Sandgrouse. Àmúdàtù ní májèlé ni, ó da epo pupa sí i lẹ́nu. Ó kú. Ìkejì bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan ní aràn ni, ó rọ ọ́ ní àgbo. Òun náà kú. Nígbà tí ìkẹta, tí wọ́n ń pè ní Dúdú, bì lẹ́ẹ̀kínní, Àmúdàtù ti ń bọ̀ pẹ̀lú ìgò epo. Sámúẹ́lì ki Dúdú sínú àpò bàtà kan, ó ki Pupa tó kù sínú òmíràn, ó sì sá fún Àmúdàtù lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko.

Dókítà Dámilọ́lá, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń tọ́jú ẹranko lẹ́bàá Marina, béèrè bóyá wọ́n ti gba abẹ́rẹ́. Sámúẹ́lì ní wọn kò ya wèrè o, pé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi nìkan lòun mọ̀ mọ́ ajá. Dókítà mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí nígbà igba láti àárọ̀. Ó ní pafo ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Kò sí oògùn tó ń pa á nínú ara ajá. Gbígbẹ tí omi ara ń gbẹ ló ń pa ọmọ ajá, nítorí náà omi ni àwọn yóò máa fà sí Dúdú lára títí ara rẹ̀ yóò fi lè jà fúnra rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí epo, kò gbọdọ̀ sí àgbo. Ìgbẹ́ àti èébì ni àrùn náà ń bá jáde, á sì wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, á máa gun bàtà èèyàn kiri bí ẹni wọ bọ́ọ̀sì. Ọṣẹ lásán kò ràn án, àfi bílíìsì ife kan nínú ọgbọ̀n ife omi. Ó gún Pupa, tí ara rẹ̀ ṣì dá, ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ní kí wọ́n máa mú un bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta títí yóò fi pé oṣù mẹ́rin. Ní báyìí, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, kí bàtà ìta má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun yóò máa wá wo Dúdú nílé, kó má baà kó ran àwọn ajá tó wà lọ́dọ̀ òun.

Sámúẹ́lì gbé Dúdú sínú yàrá, ó fi àpò omi tí Dókítà ń fà sí i lára kọ́ ìṣó ara ògiri. Ó fi Pupa sínú páálí tuntun lábẹ́ bẹ́ńṣì. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀: Ẹ BỌ́ BÀTÀ KÍ Ẹ TÓ WỌLÉ.

Wọ́n kọ ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ TỌ̀ SÍBÍ sí ara ògiri yẹn fún ọdún mẹ́wàá, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń tọ̀ sí. Ṣùgbọ́n bàtà bíbọ́, ta ló fẹ́ kọ́ ará Ìsàlẹ̀ Èkó? Wọ́n ń bọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ Àlhájà. Wọ́n bọ́ ọ tọkàntọkàn, wọ́n tò ó jọ sí ìdí bẹ́ńṣì. Nígbà tó di Sọ́ńdè, tí àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsáláátù Àlhájà dé, bàtà ga débi pé ènìyàn lè dúró lórí rẹ̀ kí ó rí Àpápá. Lórí òkè náà ni Dókítà ti bá Pupa, ó jókòó bí ọba, ó ń jẹ sálúbàtà ẹlẹ́ja.

“Bàbá, kí ni mo sọ?”

“Ẹ ní kí bàtà ìta má wọlé, Dókítà.”

“Mo ní kí bàtà má dé ọ̀dọ̀ ajá. Ẹ wá kó gbogbo bàtà Èkó jọ, ẹ fi ajá ṣọ́ wọn.” Ó wo ògiri, ó wo òòlù, ó wo àwọn bàtà tó so rọ̀ lókè. “Iṣẹ́ wo lẹ tiẹ̀ ń ṣe?”

Nígbà tí Sámúẹ́lì dá a lóhùn, Dókítà wá àpótí jókòó.

Ó ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́ ju kí àwọn fi ọjọ́ mẹ́rìnlá wo Pupa. Gbogbo ilé ti ń pé jọ láti dá ìmọ̀ràn, nígbà tí Àlhájà jáde, ó dúró ní ìwọ̀n ọ̀pá mẹ́ta sí ajá.

“Láti ọjọ́ tí ẹ ti mú ajá wọ ilé yìí ni mo ti ń sọ pé kí ẹ máa fọwọ́ bí ẹ bá kan ajá. Ó wá di ìgbà tí ọmọ àná gbowó lọ́wọ́ yín kí ẹ tó gbọ́.”

Ojú ẹsẹ̀ ló pàṣẹ. Bẹ́ńṣì Sámúẹ́lì di ojú títì, nínú oòrùn. Bàtà kò gbọdọ̀ kọjá gọ́tà. Pupa di yàrá ẹrù ẹ̀yìnkùlé tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Ẹni tó bá sì kan ajá, ìgbà méje. Nígbà tí Dókítà rọra sọ pé omi àti yanrìn kò tó, Àlhájà ní kí wọ́n da bílíìsì rẹ̀ sí i, kí ó má dín nínú méje ni. Ó dúró ti Àmúdàtù, ó ń kà á.

Ọwọ́ Sámúẹ́lì bó bí àlùbọ́sà. Bí Pupa bá yán, á sáré lọ wo ìgbẹ́ rẹ̀. Dúdú ní tirẹ̀ dùbúlẹ̀ bí àkísà. Ní ọjọ́ kẹfà èébì dá, Dókítà ní kí wọ́n máa fún un ní omi adìẹ bíbọ̀ díẹ̀díẹ̀. Dúdú gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sámúẹ́lì bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó kọrin fún un, ó sì tún bú u. Dókítà ní bí kò bá fẹnu kan nǹkan kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, òun kò lè ṣèlérí.

Lọ́jọ́ kejì, Sámúẹ́lì ti ojú títì wọlé, ó bá Dúdú tó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń gbọ̀n. Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni sálúbàtà tí Àlhájà rà bọ̀ láti Mẹ́kà, tó gbé wá fún àtúnṣe, èyí tí Sámúẹ́lì fi pamọ́ sí yàrá nítorí pé nínú gbogbo bàtà ayé, òun ni kò fẹ́ kí ajá rí.

Ó sáré lọ síwájú pálọ̀ Àlhájà, ó ń rojọ́. Àlhájà dá tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́.

“Ó jẹun?”

“Ó jẹ ẹ́, mà. Ti ẹsẹ̀ òsì.”

“Kò bì í?”

“Kò tíì bì í, mà.”

“Alhamdulillah. Ẹ fún un ní omi adìẹ rẹ̀ báyìí, kí ó tó bọ́ sórí ti ọ̀tún. Ẹ fọ ohun tó kù nínú ti òsì fún mi, ẹ tún un ṣe kí Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé.”

Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje, pẹ̀lú yanrìn, pẹ̀lú bílíìsì. Ní Sọ́ńdè náà, ọjọ́ kẹrìnlá pé, Pupa ń gbó mọ́ odindi àdúgbò láti ẹ̀yìnkùlé, ara rẹ̀ le bí òkúta. Àwọn ìyá àsáláátù to bàtà wọn sí òdìkejì gọ́tà. Àlhájà jáde wá pàdé wọn, sálúbàtà ọ̀tún pupa rẹ́súrẹ́sú, ti òsì tí bílíìsì ti kàn ní tótòtó bí àmọ̀tẹ́kùn. Àmúdàtù wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó la ẹnu.

“Kòkànyín,” ni Sámúẹ́lì pe ajá rẹ̀ láti inú oòrùn, “máa bọ̀ níbí.”