Ọjọ́ Tí Wọ́n Mú Mi Láìwọ Bàtà

Obìnrin kan tó wọ sùtánà kọjá lára mi ní òpópónà Rye Lane nílùú òyìnbó níbí lánàá, òórùn tùràrí sì gba imú mi. Bọ́ọ̀lù ni mo rántí, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́sàn-án Sunday kan, kóòṣì ará Ọsirélíà kan fẹ́ ṣa àwọn ọmọbìnrin tó máa gbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wọn, èyí tó rí bí ẹyin, tí wọ́n tún máa ń fọwọ́ hán lókè. Láti ṣọ́ọ̀ṣì lèmi àti Mummy ti lọ tààrà sí pápá. Ẹni tó wọ sùtánà kì í wọ bàtà, la bá gbàgbé tèmi sílé.

Mummy ní, "Bọ́ sùtánà yẹn, jàre. Ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún ẹ, ṣebí bàtà náà ni."

Koríko tutù bíi yìnyín. Mo wẹ̀yìn, mo rí Mummy tí wọ́n fara ti igi, tí wọ́n dijú. Àdúrà ti ń lọ nìyẹn! Mo fò ga ju gbogbo àwọn ọmọbìnrin tó kù lọ, mo hán bọ́ọ̀lù. Èmi ni kóòṣì kọ́kọ́ nàka sí.

Ìgbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe night shift nílé àwọn arúgbó, bíi ti Mummy nígbà yẹn, ni mo tó mọ̀ pé oorun ni wọ́n ń sùn nídìí igi yẹn.

Lọ́jọ́ náà, mo sáré lọ bá wọn. "Mummy, wọ́n ti mú mi!"

Wọ́n lajú. "Ta ló máa rí ẹ tí ò ní mú ẹ?"