Ohun tí jígí Bàbá fi han Màámi

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Aramọkọ, fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ni a máa ń gé, tí a sì ń tò pọ̀. Ọ̀gá mi fẹ́ràn ọgbọ́n kan. Yóò fi dúdú bo gbogbo àwòrán, yóò lu ihò róbótó méjì sí i, yóò mú kí etí ihò náà rọ̀, kí àárín rẹ̀ sì wú díẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó yóò rò pé inú awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn ni òun ti ń yọjú wo ìyàwó.

"Jẹ́ kí wọ́n rò pé orí òkè Ẹ̀fọ̀n ni ọkọ ti ń ṣọ́ ọ," ni ó máa ń wí, yóò sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé awò kì í fi nǹkan hàn báyẹn.

Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí a ń pín ẹrù rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bèèrè jígí ojú rẹ̀, Màámi bá mú un. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń wọ̀ ọ́ ṣa kòkó ní Ijurin, níbi tó ń gbé. Mo sọ fún un pé ojú Bàbá ni wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó gé awò inú jígí náà.

"Àdá rẹ̀ ńkọ́?" ó ní. "Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó rọ ọ́? Ṣebí òun náà ni mo fi ń ṣán oko."



Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó ń ra kòkó da odidi àpò kan padà. Ó ní èyí tó ti bu pọ̀ jù nínú rẹ̀. Màámi ní ọkùnrin náà ni kò mọ kòkó. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àpò kan kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife lójú mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Adó. Ó ní òun kò fọ́jú. Bí nǹkan bá ń bo ojú rẹ̀ lóòótọ́, mo mọ̀ pé dídúró lè mú kí ó burú sí i.

Mo gba jígí náà, mo gbé e sí iwájú kámẹ́rà fóònù mi.

"Ìwé tí o kà ní yunifásítì náà rèé?" ó ní. "Kí o máa fi jígí òkú ṣe sinimá?"

Àárín àwòrán tó jáde wú, ògiri tẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ó mọ́ jù. Kámẹ́rà a máa tún ojú ara rẹ̀ ṣe. Ojú àgbà kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. N kò lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí.

Mo wá mú fídíò kan tí mo yà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn níbi ìdúpẹ́ ìkórè: Bàbá ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Mo ṣe é ní ẹ̀dà méjì. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà. Nínú èkejì, mo mú kí àárín wú, mo tẹ etí, mo fi kùrukùru bò ó títí ojú Bàbá fi di àbàwọ́n lásán. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi wo ojú yẹn, n kò sì ro nǹkan kan ju iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú Màámi. Mo kọ́kọ́ fi èyí tó ṣú hàn án, lẹ́yìn náà èyí tó mọ́.

"Bàbá rẹ nìyẹn," ó ní. "Wo bó ṣe ń ju ẹsẹ̀ bíi tòlótòló."

"Èwo ló mọ́ jù, Màámi?"

"Ṣé kì í ṣe ìkan náà ni? Àbí o fẹ́ fi ìyá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Mo dá èyí tó mọ́ dúró síbi tí ojú Bàbá ti kún inú àwòrán. N kò ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ láti bi í ní ìbéèrè tó tẹ̀ lé e.

"Kí ló wà lójú Bàbá?"

"Jígí rẹ̀ ni. Èyí tí mo wọ̀ yìí náà ni."

"Kò wọ jígí kankan, Màámi."

Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Lóòótọ́," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ulé ló gbàgbé rẹ̀ sí lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo bá a jà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó bọ́ jígí náà, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó sì dá a padà sínú àpò rẹ̀.

"Ọjọ́ wo la lè lọ sí Adó?"

"Ọ̀la."

"Má pa fídíò yẹn rẹ́ o."

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Èyí tí o sọ pé ó mọ́. Màá wò ó tí wọ́n bá bá mi tún ojú ṣe."

Mo pa èkejì rẹ́. Mo dúró díẹ̀, mo ń wò ó bóyá n óò sunkún. Ẹkún kò wá. Mo lọ gbé omi kaná fún un.